Ọmọ-ogun Ẹnu Ibodè

Ẹ̀yin náà ti fura pé ẹni tó ń fọ́nnu lórí eré fídíò kì í sábà mọ̀ ọ́n ṣe. Gbádégẹṣin ti búra fún gbogbo ará ọ́fíìsì pé òun nìkan lòun parí eré àtijọ́ kan nígbà èwe òun. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde sórí ẹ̀rọ eré àfọwọ́mú, ó rà á, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀ tó ti ṣófo, kó lè parí rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó pé.

Ilẹ̀ ṣú, ọmọ-ogun tó ń ṣọ́ ibodè inú eré kò jẹ́ kó kọjá.

“Bàbá Ìdẹ̀ra, ọbẹ̀ ti tutù!” ni ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná. “Àbí akọni kì í jẹun ni?”

“Fi mí sílẹ̀ jàre!”

Ó tún tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ-ogun tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ kọjú sí i, ó fi Yorùbá pè é ní oríkì tí wọ́n ń pè é nílé: “Àlàó, pe ẹ̀gbọ́n ẹ wá.”

Inú bí i, ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Pe Fọlárìn, bí o ṣe máa ń ṣe.”

Àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ kan nà kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ibodè sì ṣí.

Fọlárìn ló máa ń bá a ṣí i láyé ọjọ́un. Ẹ̀yìnkùlé ilé yìí ni wọ́n sin ín sí.