Ajá Tó Kọ Ẹran

Ìyá àgbà ló hùwà òpònú, ajá ló fẹ́ jìyà rẹ̀. Nínú àgbàlá wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, olùkọ́ ajá na ẹran sí ajá. Itọ́ ajá ń dà, ṣùgbọ́n kò fẹnu kàn án. Olùkọ́ kọjú sí Àkàngbé, ọmọ ìyá àgbà.

“Wọ̀bìà la fi ń kọ́ ajá níṣẹ́ ọdẹ aṣọ́lé, ẹ̀gbọ́n. Àbímọ́ sì ni. Tiyín ò ní in. Ẹ tà á.”

Àkàngbé ti ń fa ajá lọ síta.

“Dúró!” Ìyá àgbà dijú. “Olúwa, bù kún oúnjẹ yìí. Àmín!”

Kó tó lajú, ẹran ti wọ ọ̀fun ajá.

“Wọ̀bìà rẹ̀ pé pérépéré!” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìró nídìí ìyá. “Àdúrà nìkan ni mo kọ́ ọ.”

Olùkọ́ ajá wo géètì. “Mọ́mì, bí olè bá gbé ẹran wá, tó sì gbàdúrà sí i ńkọ́?”