Ikọ́ Ajá Tó Jẹ Ìgbín Tútù

Àlọ́ o! Ẹ gbè é dáadáa, kí n gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ lórí Ajá tó ń ṣọ́lé fún Adìẹ. Bí Ajá bá ti rí oúnjẹ, sùúrù tán lára rẹ̀.

Òjò rọ̀, Adìẹ ṣa ìgbín wálé. Ó ní, "Ajá, ní sùúrù o. Màá fi eérú fọ̀ ọ́, màá sì sè é jinná. Aràn ń bẹ nínú ìgbín tútù."

"Mo ti gbọ́, ìyá."

Kí Adìẹ tó pọnmi dé, Ajá ti gbé ìgbín mì tìkarahun-tìkarahun. Èyí tí kò ní ìkarahun rárá, tó ń wọ́ lọ lára ògiri, ó lá òun náà mì. Aràn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó tẹ́ní, ó jókòó. Ni Ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, Adìẹ se ìgbín, ó gbé ìkòkò síta kó tutù, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọ́ wá, ó gbé ìkòkò. Ajá fẹ́ gbó, ó dorin:

Adìẹ, jáde wá o!
*Wúkọ́-wúkọ́!*
Olè ń gbé ìkòkò lọ!
*Wúkọ́-wúkọ́!*

Inú rẹ̀ ni orin wà. Ègbè nìkan ló jáde lẹ́nu.

"Pẹ̀lẹ́ o!" ni Adìẹ ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n," ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wí, ó gbé ìkòkò rù.

Ikọ́ dá díẹ̀, Ajá tí wọ́n kọ́ nílé sì dáhùn: "O ṣeun, àbúrò."

Nígbà tí Adìẹ dé, kò bá ìkòkò mọ́, ikọ́ ló bá. Ó fún Ajá ní oògùn aràn, ara rẹ̀ yá. Láti ìgbà náà, bí ìgbín bá ń hó lórí iná, Ajá ló ń bẹ̀bẹ̀: "Ìyá, ẹ jẹ́ kó tún hó díẹ̀ sí i."

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyẹn. Ẹni tó bá wúkọ́ nínú yín báyìí, gbogbo wa ti mọ ohun tó jẹ.