Àárín Igi Ọ̀dán Méjì

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn bí akàn!" Afinimọ̀nà náà nawọ́ sí àlejò kan tí wọ́n fi aṣọ dì lójú, tó ń yà lọ sí títì. "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ nìkan ló ń la àárín igi ọ̀dán méjèèjì yìí kọjá."

Ní pápá ẹ̀yìn ààfin Yogyakarta, òun kì í kùnà láé. Ìyá alágbàdo kan, Bu Lasmi, máa ń sun àgbàdo ní ọ̀kánkán àlàfo àárín igi náà. Òórùn àgbàdo yẹn ni afinimọ̀nà ń tẹ̀ lé.

"Ìwọ náà rìn ín," ni Pak Darsono, bàbá ọmọge tí afinimọ̀nà ń fẹ́, wí. "Tó o bá là á kọjá, mo fún ẹ ní Retno."

"Bàbá, ṣé ìyẹn náà ni ìdánwò?"

"Ọmọ mi, o ti jẹun?" Bu Lasmi ké sí i láti ìdí àdògán.

"Ta ni ọmọ ẹ? Ṣé alágbàdo ló máa bí irú èmi? Èéfín ẹ ń ba aṣọ àwọn àna mi jẹ́, jàre!"

Wọ́n dì í lójú, wọ́n sì yí i bírí nígbà mẹ́ta. Ó fa òórùn símú, ó gbáyà síwájú, ó ń lọ tààrà. Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Nígbà tí ooru iná kan orúnkún rẹ̀, ó ṣí aṣọ kúrò lójú.

Igi ọ̀dán méjèèjì wà lápá òsì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Bu Lasmi gbé àdògán sí.

"Mo ti gbé èéfín mi kúrò lára àwọn àna ẹ." Ó na àgbàdo kan sí i. "Ṣé wàá wá jẹun báyìí?"