Wáyà Orí Òrùlé

Bàbá Aago, tó ń tún aago ṣe, ló kọ́ Wẹ́dà, àbúrò ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi rédíò bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Kò tó ọdún méjì tí ohùn Wẹ́dà fi ta tirẹ̀ yọ.

Ilé wọn kọjú síra. Irú ańtẹ́nà kan náà ló wà lórí òrùlé méjèèjì: onígun mẹ́rin méjì, tí wáyà kékeré kan so pọ̀ mọ́ wáyà tó ń bọ̀ láti ara rédíò. Wáyà kékeré yẹn ni gbogbo ọgbọ́n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yẹ, ohùn á rìn jìnnà. Bí kò bá yẹ, agbára rédíò á ṣẹ́rí padà sílé. Wẹ́dà ti ní kí òun bá a wo tirẹ̀. Bàbá Aago bi í pé ta ló kọ́ ta.

Ní gbogbo Sátidé, arúgbó onírédíò kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àgbà máa ń dá wọn lóhùn láti òkè òkun. "Wẹ́dà, ketekete ni. Bàbá Aago, mo ṣì ń fetí wá ọ." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ara òun ò gbé e mọ́, Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dún jù lòun máa fún ní rédíò ńlá òun.

Bàbá Aago kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ibà ni. Kì í ṣe ibà, ìlara ni.

Láàárọ̀ Sátidé, Wẹ́dà yà kí i, ó béèrè ìgbà tó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Aago ní aago mẹ́jọ, ó yíjú kúrò.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, Wẹ́dà ti lọ síbi iṣẹ́, àkàbà rẹ̀ sì fara ti ògiri Bàbá Aago. Ó pòṣé: ọmọ yìí ti sọ ilé òun di ibi ìkẹ́rùsí. Ó gbé àkàbà náà, ó gun òrùlé Wẹ́dà, ó tú wáyà kékeré náà, ó fi wé tirẹ̀. Ti orí òrùlé Wẹ́dà fi ìka mẹ́rin gùn jù ú lọ. Àṣé gígùn ni àṣírí! Ó pààrọ̀ wọn, ó fi téèpù dúdú wé wọn bí wọ́n ṣe wà, ó sì jẹun yó.

Ní aago mẹ́rin, Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀. "Wẹ́dà, ketekete ni, ìwọ lo ni rédíò. Bàbá Aago, mo ṣì ń fetí wá ọ."

Kò pẹ́ tí Wẹ́dà fi sọdá wá, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó jókòó ti Bàbá Aago, ó ń họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi," ló wí. "Nígbà tí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo tú wáyà kékeré mi, mo so ó mọ́ ańtẹ́nà yín, mo sì so tiyín mọ́ tèmi, kí rédíò yẹn lè jẹ́ tiyín."