Ẹyin tó Kọrin Nínú Ihò Ẹmọ́

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí ìtẹ́ Àparò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń sàba. Nígbà tó lọ mumi, Ẹmọ́ kékeré kan jí ẹyin kan. Bó ti fẹ́ fi eyín fọ́ ọ nínú ihò, ẹyin kọrin:

Bàbá, òtútù ń pa mí o,
Tẹrẹ́ńjà!
Ilé olè kò móoru o,
Tẹrẹ́ńjà!

Jìnnìjìnnì bo Ẹmọ́. Ó yí ẹyin gbirigbiri dé ìtẹ́ níwájú Àparò.

"Bàbá, èmi ni olè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ mí lójú."

"Bí mo bá yọ ọ́ lójú, ṣé ẹyin á gbóná? Ó ti tutù ju agbára ìyẹ́ mi lọ. Ìwọ onírun yìí, wá sàba!"

Ẹmọ́ sàba lábẹ́ ẹnu Àparò títí ẹyin fi là.

Àlọ́ mi ní kí olè tó dá ẹrù padà má tíì relé.