Ẹ̀bẹ̀ Tí Káfíńtà Kò Gbà

“Ẹ dákun, Bàbá Káfíńtà, ariwo ayùn yín ló ń bí mi nínú tí mo fi ń da pàǹtí sínú ọgbà yín. Mi ò ní ṣe é mọ́.”

Obìnrin ilé kejì ló kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà wo ọgbà rẹ̀. Látìgbà tí oúnjẹ ti wọ́n, elégédé ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń jẹ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí obìnrin yìí ń jù wọlé ló sì ń jẹrà di ajílẹ̀. Kò ní òmíràn.

“Mi ò gbà,” ló wí. “Ìwà ẹ ò dáa. Ọbẹ̀ ẹ náà ò dùn.”

Obìnrin náà dìde fùú, ó lọ.

Kò pẹ́, pàǹtí korobá kan fò dé láti orí ògiri. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Káfíńtà rọra mú ṣọ́bìrì.