Ilà Apá Òsì

Ọwọ́ Òwú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè da rọ́bà bíi tirẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má kó sínú rẹ̀. Iṣan àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè súnkì bí iṣan ara, tí wọ́n sì ń rán mọ́ ìbọ̀wọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá iṣan náà lọ. Kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ, ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá nà án, bó ti wù kó kéré tó, ilà kan á gbọ̀n lójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ àdúgbò kí ọwọ́ tó kọ̀ ọ́. Iṣan ló kọ́kọ́ ń ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ, ó ní ó rẹ òun ni. Nígbà tó yá, abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ohùn náà sì lọ. Bó ṣe ṣe ìyá tó bí bàbá náà nìyẹn. Ojú nìkan ló kù tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá jẹ́ kó gbé ìbọ̀wọ́ kan lọ sílé, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ìbọ̀wọ́ kì í gbé ọwọ́ tó ti kú pátápátá. Ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú, kí ìbọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí ilà bàbá bá gbọ̀n kí oṣù tó parí, ó di tirẹ̀, á sì lè gbé síbí dé ẹnu ara rẹ̀. Bí kò bá gbọ̀n, ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ọ̀já méjì tí wọ́n dà nínú abọ́ kan náà ni wọ́n máa ń lò, ọ̀kan lọ́wọ́ aláìsàn, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ooru yàrá máa ń na rọ́bà. Ohun tí méjèèjì bá jọ ṣe, ooru ni. Èyí tí ọ̀kan bá dá ṣe, ọwọ́ ni. Wáyà méjèèjì dúdú, kò sì sí àmì kankan lára àpótí tí wọ́n ń kì wọ́n bọ̀. Níbi iṣẹ́, apá òsì tábìlì ni aláìsàn máa ń jókòó sí, wáyà rẹ̀ á bọ́ sí ihò òsì, ilà rẹ̀ á sì wà lápá òsì. Kò sí ẹni tó tún ń rò ó.

Nílé, ògiri ni ibùsùn bàbá fẹ̀gbẹ́ tì. Ọwọ́ Òwú yí àga rẹ̀ sí ibi tí àyè wà, ó so ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn àtàǹpàkò bàbá, ó so ti ara rẹ̀, ó ki wáyà kálukú bọ ojú ihò tó súnmọ́ ọn, ó sì gbé ọwọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́ bí òfin ṣe wí.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá láìsí nǹkan kan. Ní ọ̀sán kan, ilà apá òsì gbọ̀n. Ó mú èémí dúró. Ilà náà tún gbọ̀n, ti apá ọ̀tún kò sì mira. Ó pe ìyá rẹ̀.

Ìyá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. “Bó pẹ́ bó yá,” ó ní, “akólòlò á pe baba.”

Bàbá kò wo kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì ló ń wò, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìyá nù ún, ó ní ẹkún ayọ̀ ni.

Lórí fóònù, ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá ilà tirẹ̀ dúró.

“Ó dúró jẹ́ẹ́, sà.”

“Ìwọ náà ò mira?”

“Mi ò mira rárá, sà.”

Ọ̀gá ní òun á wá fojú ara òun rí i.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin níbi iṣẹ́. Ó ráhùn pé àlùmọ́gàjí ti kú, kò gé ọ̀já dáadáa mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbà á, ó fi gé tirẹ̀ geere, ó sì bi í léèrè bóyá ayọ̀ ló ti sọ ọwọ́ òwú di òwú lóòótọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsùn ni.

Ojoojúmọ́ ni ilà náà ń gbọ̀n sí i. Ìyá ra síbí tuntun, ó gbé e sórí tábìlì kí ọkọ rẹ̀ lè máa rí i. Ṣùgbọ́n bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú pa nígbàkígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti mú ọ̀já bọ̀.

“Bàbá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” ó bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ yín ṣì wà láàyè.”

Ní ọjọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, ó ti so ọ̀já méjèèjì, ilà apá òsì ti ń gbọ̀n, kí ìyá tó rántí pé òun kò tíì nu ara fún bàbá. Ó ní àlejò ò gbọdọ̀ bá a bẹ́ẹ̀. Ó gbé omi wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já ọwọ́ bàbá. Bó ṣe ń tú u, ilà apá ọ̀tún ló fò sókè. Ìyá ká ọ̀já náà jọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ síbí, ilà apá ọ̀tún sì balẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ilà apá òsì kò dúró. Ó ń gbọ̀n lọ bó ṣe ń gbọ̀n láti ọ̀sán ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ̀n, Ọwọ́ Òwú sì fi ojú tọ wáyà rẹ̀ láti ẹ̀yìn àpótí, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ síbí tuntun, ó yí wá sí apá òsì tábìlì, títí ó fi dé ọwọ́ ara rẹ̀ tó gbé kalẹ̀ jẹ́ẹ́.